Àwọ̀n Tí Bọ̀dá Onílẹ̀kùn Ní Òun Ò Fẹ́

Dókítà Ẹ-má-fòyà kò jẹ́ kí wọ́n gbé omi wá fún òun kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí ìyàwó òun jókòó, kí ìyàwó Bọ̀dá Onílẹ̀kùn náà fi ohun tó ń ṣe ní ilé ìdáná sílẹ̀ kó wá jókòó, kí Bọ̀dá fúnra rẹ̀ sì bá òun pa rédíò. Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti ń jẹ mí láti ọjọ́ pípẹ́. Òní ni n ó sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dúró, torí mo mọ ara mi, tí ẹ bá dá mi dúró, n ó yí i padà sí nǹkan míì." Àárọ̀ Sátidé ni, oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, kò sẹ́ni tó kú, kò sì sẹ́ni tó ń kú lọ. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín, tó ní, "Dókítà, ṣé ẹ ti lọ fẹ́ ìyàwó míì síta ni?" Ọkọ rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀ ni, nítorí náà ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu àwọn tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe jẹ́ síra wọn, kó má di pé mo ń pa ìtàn tí ẹ ò mọ orí ẹ̀. Dókítà yìí, iṣẹ́ abẹ ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ là, ohun tó máa ń sọ fún un ni pé, "Ẹ má fòyà." Bó ṣe di orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá Onílẹ̀kùn ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Káfíńtà ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn nìkan ló ń kàn. Tí o bá gbé àga tó ya lọ bá a, á ní kó o lọ wá oníàga. Òun nìkan ló máa ń gbé ilẹ̀kùn dúró tí á sì so ó mọ́ férémù, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dì í mú. Á ní, "Ẹni tó bá ní kí wọ́n bá òun di ilẹ̀kùn mú, kò tíì mọ ilẹ̀kùn." Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ìpá fi yọ sí i, níbi tí itan ti pàdé ikùn lápá ọ̀tún. Tó bá dìde dúró, á wú síta bí ẹyin adìyẹ. Tó bá dùbúlẹ̀, á wọlé padà. Ẹ̀rín ló fi rín. Ó ní ilẹ̀kùn tí òun ń ṣí fún aráyé ló wá ṣí ti inú òun náà sílẹ̀.

Ó wá bá àna rẹ̀ nílé, kò lọ sí ọsibítù. Ìyẹn náà wà lára ọ̀ràn yìí. Dókítà fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi ìka lu ihò kan nínú rẹ̀, ó sì gbé e sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe rí nínú yín nìyí. Aṣọ ló ya. A lè fa etí ẹ̀ méjèèjì pọ̀ ká fi òwú rán an, ṣùgbọ́n ó lè tún ya. Tàbí ká lẹ àwọ̀n kékeré kan mọ́ ọn, àwọ̀n oníke ni, ẹran ara á hù wọ inú ẹ̀, á dúró gbọn-in. Àwọ̀n ni mo máa ń fi sí i fún gbogbo èèyàn." Bọ̀dá gba áńkáṣíìfù náà, ó wò ó. Ó ní, "Àwọ̀n yẹn, ṣé inú mi ló máa wà títí?" Dókítà ní títí ni. Bọ̀dá ní, "Tí mo bá wá ní kó o yọ ọ́ ńkọ́?" Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ yọ ọ́ fún?" Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin yẹn béèrè ọ̀rọ̀, wọn ò sì dá a lóhùn. Bọ̀dá ká áńkáṣíìfù, ó dá a padà fún un. "Fi òwú rán tèmi. Mi ò fẹ́ àwọ̀n." "Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?" "Mi ò fẹ́ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ká ní ẹlòmíì ni, Dókítà ìbá bá a jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ti tẹjú mọ́ ọn, ìwò náà sì yé e dáadáa: bọ̀dá mi nìyẹn o, ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀ lójú mi. Àna kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń sọ fún pé rárá, ọ̀rọ̀ yín kò bọ́gbọ́n mu. Dókítà bá tẹrí ba, ó ní, "Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n." Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú "ó ti yé mi" bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa là ń sọ ọ́ fún àna, tí a ó sì lọ ṣe ohun tó wà lọ́kàn wa. Bọ̀dá gbà pé wọ́n ti ṣe àdéhùn. Torí pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kò sí dókítà kejì tó bá a sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tún bi í léèrè ní ọsibítù. Àna ẹ̀ ló kúkú ń tọ́jú ẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo là yín," ni Dókítà wí nínú pálọ̀ ní Sátidé yẹn, kò gbójú sókè, "nígbà tí mo ríbẹ̀, ẹran ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Mo nawọ́, nọ́ọ̀sì àgbà sì gbé àwọ̀n lé mi lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀." Ìyàwó rẹ̀ ní, "Àwọ̀n wo?" Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní nọ́ọ̀sì kò kọ́kọ́ fi í sílẹ̀, ó di etí àwọ̀n náà mú. Nọ́ọ̀sì, tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Bọ̀dá nígbà tí wọ́n ń gbé e wọlé, ní, "Dókítà, ṣé àna yín kọ́ ló ní òun ò fẹ́ nǹkan yìí?" Dókítà ní, "Ṣé àna yín ni àbí tèmi?" Ni gbogbo tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, bá bú sẹ́rìn-ín, dókítà tó ń fún èèyàn lóògùn oorun náà rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì sì fi àwọ̀n sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin sùn sílẹ̀ láàárín wa, ikùn yín là sílẹ̀, à ń fi yín rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo pa àwàdà yẹn. Ṣé ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́."

Nígbà tí Bọ̀dá jí, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Òwú ni, àbí?" Dókítà fọwọ́ bà á léjìká. "Òwú ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fòyà." Bí irọ́ àkọ́kọ́ ṣe jáde nìyẹn, kò tiẹ̀ dùn ún. Ojú egbò jiná, Bọ̀dá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń yin àna rẹ̀ káàkiri. Ká sọ òótọ́ fún ara wa, ìpá náà kò padà rárá, kò padà títí di òní. Àwọ̀n ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fi í síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in lára tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, tí wọn ò tiẹ̀ rántí. Bọ̀dá kò sí lára wọn. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó ní ó dà bíi pé ẹnì kan wà nínú òun tó ń fa okùn. Tó bá gun àkàbà, á fà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kan ìṣó mọ́ híńjì ìsàlẹ̀, á fà débi tí òòlù á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún wá bá àna rẹ̀. Dókítà tẹ ibẹ̀ wò, ìka rẹ̀ mọ ohun tó wà lábẹ́ ìka. Ó ní, "Àpá ni, ẹ̀gbọ́n. Àpá máa ń fà," ó sì fún un ní oògùn ara ríro.

Oògùn kò ràn án. Bọ̀dá lọ sí ọsibítù míì láìsọ fún àna rẹ̀, torí ó ń tijú, kò fẹ́ kó dà bíi pé òun kò fọkàn tán iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀wọ̀ ṣe ń pa wọ́n lápá méjèèjì. Dókítà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, ó pe ẹni tó kọ́kọ́ là á. Dókítà Ẹ-má-fòyà wà nílé epo, ó ń dúró kí wọ́n rọ epo sí mọ́tò rẹ̀. Ẹni yẹn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fi àwọ̀n síbẹ̀ ni? Ìrora àwọ̀n ló jọ. Tó bá jẹ́ òun ni, mo mọ ohun tí mo lè gbìyànjú." Ó ní, "Rárá o. Òwú ni mo fi rán an." Ó sọ fún wọn nínú pálọ̀ pé ó ya òun lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yá òun lẹ́nu. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tiẹ̀ kí ìyàwó ẹni náà kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, wọ́n pa ibi tí nǹkan wà tì, wọ́n kọjú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn. Wọ́n fún un ní bẹ́líìtì ẹ̀yìn. Wọ́n ní kó máa sùn sórí ilẹ̀ lásán, ó sì sùn sórí ilẹ̀ lásán ju ọdún kan lọ, nítorí ẹ̀yìn tí kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá, kò lè gbé ilẹ̀kùn mọ́. Ó gba ẹni tí á máa bá a gbé e, ó sì dùn ún ju ìrora lọ. Nígbà tó tún yá, kò gba iṣẹ́ mọ́. Àwọn ilẹ̀kùn tó ti kàn sílẹ̀ fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, eruku bò wọ́n, òun náà á sì jókòó sí àárín wọn. Ìyàwó rẹ̀ ṣe sùúrù, ó ṣe sùúrù títí sùúrù fi tán. Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n bí gbogbo dókítà bá ti ń sọ pé àwọn ò rí nǹkan kan, kí lẹ fẹ́ kí ìyàwó máa rí?

Ibi tí Dókítà dé níbi ọ̀rọ̀ yìí, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló burú jù. Ẹ rántí ìpàdé tí a ṣe nínú pálọ̀ yìí." Gbogbo wọn rántí. Ìyàwó Bọ̀dá ló pè wọ́n jọ. Ó dìde láàárín ẹbí, ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin lẹ là á. Ẹ sọ òótọ́ fún mi lójú gbogbo èèyàn. Ṣé nǹkan ń ṣe ọkùnrin yìí ni, àbí iṣẹ́ ló sú u? Tó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni mo fẹ́, kí n mọ̀ pé ọ̀lẹ ni mo fẹ́." Bọ̀dá ń wo àna rẹ̀. Ó ń retí kó gba òun sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá yẹn tó lè gbà á nìyẹn. Dókítà ní, "Ibi tí mo rán ti jiná. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà míì, ọkàn èèyàn ló máa ń bá a sọ̀rọ̀." Kò pariwo, ohùn tó fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fi sọ ọ́. Bọ̀dá wo ilẹ̀ títí, ó wá ní, "Bóyá ọkàn mi ni lóòótọ́." Láti ọjọ́ yẹn kò ráhùn mọ́. Tó bá fẹ́ dìde, á di ògiri mú, á rọra dìde, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wò ó, á ní oorun ló ń kun òun.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá ṣí Dókítà lẹ́nu lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ìpá náà ni. Ó yọ sí òun náà lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, lápá ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé ikùn, bí ẹni ṣe é mọ́ ọn. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó ní láti lọ bá ẹlòmíì, ó sì lọ bá obìnrin kan, dókítà tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Ọmọ mi, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, mo mọ gbogbo ẹ̀." Obìnrin náà ní, "Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, sà. Ṣùgbọ́n lónìí èmi ni dókítà, ẹ̀yin lẹ ń ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́."

Ó sì sọ ọ́. Ó ní wọ́n lè fi í sílẹ̀ ná, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, torí kò tíì máa ro ó. Ó lè pẹ́ kó tó dà á láàmú, ṣùgbọ́n ó lè máa tóbi sí i, àti pé lọ́jọ́ kan ìfun lè há síta. Tó bá le gbandi, tó ń ro ó, tó ń bì, kó máa sáré bọ̀ ni, kó má sọ pé ó di ọ̀la. Ó ní bẹ́líìtì lè dì í mú ṣùgbọ́n kì í wò ó. Ó ní wọ́n lè fi òwú nìkan rán an, ó gba ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì máa ń padà ju ti àwọ̀n lọ. Ó ní wọ́n lè fi àwọ̀n sí i, kì í sábà padà, èèyàn sì máa ń tètè bọ̀ sípò. "Ṣùgbọ́n inú yín ló máa wà. Nínú àwọn tí a ń fi sí, àwọn kan wà tí ìrora kì í fi sílẹ̀. Wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà, mi ò sì lè wo ojú yín kí n mọ̀ bóyá ẹ máa wà lára wọn. Kòkòrò lè mú un. Tó bá wá di pé ká yọ ọ́, yíyọ ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré." Ó wá bi í pé, "Èwo lẹ fẹ́?" Dókítà fọwọ́ bo ibi tí ìpá rẹ̀ wà. Obìnrin náà ní, "Ẹ má kánjú. Ara yín ni." Gbogbo iye ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ yẹn, Dókítà Ẹ-má-fòyà kò sọ gbólóhùn méjì yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Omi bọ́ lójú rẹ̀ lórí àga aláìsàn. Obìnrin náà béèrè bóyá ẹ̀rù ń bà á, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ tún nìyẹn. Ojú ló ń tì í.

Nígbà tó sọ gbogbo rẹ̀ tán nínú pálọ̀, Bọ̀dá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó ní, "Nǹkan wà níbẹ̀." Dókítà ní, "Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n." "Láti ọjọ́ yẹn." "Láti ọjọ́ yẹn." Bọ̀dá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Nǹkan wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọkàn mi." Ohùn ẹni tó wá nǹkan títí tó wá rí i ló fi sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ní, "Yéè, mo gbé. Mo pe ọkọ mi ní ọ̀lẹ lójú gbogbo ẹbí." Ìyàwó Dókítà dìde níbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn àga bọ̀dá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, kò sì wo ọkọ rẹ̀ mọ́.

Bọ̀dá wá ronú díẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tàbí mi ò tíì sọ. Ó ní, "Dókítà, ohun tí mo rò ni pé nígbà tó o là mí, o rí i pé ẹran ibẹ̀ ti bàjẹ́, òwú ò lè mú un. O ò lè jí mi dìde kó o wá bi mí. Bó ṣe rí nìyẹn, àbí?" Ẹ wo ilẹ̀kùn tí ọkùnrin yìí ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe é níbi. Tí Dókítà bá ti lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìdajì ọ̀ràn ti tán, gbogbo wọn á sì gbà á. Kódà òun fúnra rẹ̀ ti gbà á rí, bó ṣe ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nìyẹn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹran yín fẹ́lẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwú lè mú un. Kí wọ́n tó gbé yín wọlé ni mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó gbé àwọ̀n sítòsí. Àní kí n tó fojú kàn yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ dá áńkáṣíìfù padà fún mi ni mo ti pinnu ẹ̀."

"Kí ló dé?" Bọ̀dá ló bi í. Dókítà ní, "Kò sí ìkankan nínú èyí tí mo fi àwọ̀n sí tó padà rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi òwú nìkan rán an gbẹ̀yìn. Mo ní tí ti àna mi bá lọ padà, kí laráyé máa wí nípa ọwọ́ mi? Ẹ̀yin náà, ẹ ní ẹ ò fẹ́, ẹ ò sọ ìdí kan. Mo wá ìdí títí, mi ò rí i. Mo wá rò pé ẹni tí kò ní ìdí, kò sí ohun tí mo fẹ́ bọ̀wọ̀ fún." Bọ̀dá ní, "Mo ní ìdí. Mi ò fẹ́. Ìdí nìyẹn."

Dókítà bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní pálọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Mo gba iṣẹ́ yín lọ́wọ́ yín, mo gba ẹnu yín lọ́wọ́ yín, mo sì jẹ́ kẹ́ ẹ máa rò pé orí yín ló ń dàrú." Ó tẹ̀ síwájú láti di ẹsẹ̀ Bọ̀dá mú. Bó ṣe tẹ̀ báyìí ni ìpá rẹ̀ yọ, ó sì fọwọ́ gbá ibẹ̀ mú, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Bọ̀dá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ. Ó ní, "Dìde. Dìde ńlẹ̀, kó má lọ há." Dókítà ní òun ò dìde àfi tó bá dárí ji òun. Inú bí Bọ̀dá wàyí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárọ̀ náà. "Ṣé o tún fẹ́ fi dandan gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi ni? Mo ní dìde! Ìdáríjì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ tì bọ inú èèyàn. Ọjọ́ tí mo bá ní in, n ó fún ọ. Ohun tí mo fẹ́ báyìí ni pé kó o mú mi lọ bá obìnrin yẹn, kó o fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́ níbẹ̀."

Wọ́n lọ. Dókítà sọ ọ́ níwájú obìnrin náà láìfi nǹkan kan pa mọ́, títí kan ẹ̀rín tí wọ́n rín ní tíátà. Obìnrin náà yí àga rẹ̀ padà kó lè kọjú sí Bọ̀dá nìkan. Ó ní wọ́n lè gbìyànjú abẹ́rẹ́ tí á pa iṣan tó ń gbé ìrora náà, ó lè ràn án fún ìgbà díẹ̀, ó lè ràn án púpọ̀. Ó ní wọ́n lè yọ àwọ̀n náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́, ẹran ti hù wọ inú rẹ̀, wọ́n lè ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ léṣe níbi tí wọ́n ti ń fà á, ìpá lè padà, ìrora náà sì lè má lọ. "Mi ò lè ṣèlérí fún yín, bàbá. Tí ẹnì kan bá ṣèlérí fún yín, ẹ sá fún un. Kí lẹ fẹ́?" Bọ̀dá bojú wẹ̀yìn wo àna rẹ̀, bó ṣe mọ́ ọn lára. Dókítà fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó wolẹ̀. Bọ̀dá tún yíjú padà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú abẹ́rẹ́. Yíyọ, mi ò fẹ́." Obìnrin náà ní, "Ó ti yé mi, bàbá. Abẹ́rẹ́ nìkan, a ò yọ ọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí?" "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí." Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bọ̀dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò lè lọ mọ́. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ? Kò bi mí pé kí ló dé." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Abẹ́rẹ́ náà ràn án díẹ̀. Ó ti ń kan ilẹ̀kùn kéékèèké, ti kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì lè so ti ilé mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a dì í mú. Ní ti Dókítà, òun ló ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin ọmọdé tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀bẹ, ó ní ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó ní kí ẹ ṣọ́ra fún ọwọ́ yín lọ́jọ́ tó bá ti ń dáa jù, ọjọ́ yẹn ló máa ń ṣe yín bíi pé kò yẹ kẹ́ ẹ bi ẹnikẹ́ni. Ó ní tí ẹni tó sùn sílẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀ kó tó sùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sùn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ti òun náà nígbà tó yá. Bọ̀dá Onílẹ̀kùn kò tíì sọ pé òun dárí jì í, ṣùgbọ́n ó wá sí ọsibítù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó di ògiri mú wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ní, "Kí lo ní kí wọ́n fi ṣe tìẹ?" Ojú ti Dókítà. Ó ní, "Àwọ̀n ni, ẹ̀gbọ́n. Mo rò ó títí. Àwọ̀n ni mo ní kí wọ́n fi sí i." Bọ̀dá mi orí. Ó bá a fa aṣọ bo ẹsẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ìwọ lo fẹ́ ẹ."